Eku Òyìnbó tí Ìyá Àgbà Rọ Lẹ́kọ

Bí ẹ bá bi mí pé kí ló pa eku òyìnbó mi, ìdáhùn mẹ́ta ni mo ní, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Mo ti sin òbí mi méjèèjì, mo ti sin ọkọ, mo sì mọ ohun tó mú oníkálukú wọn lọ. Ẹran kékeré kan tó kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, òun ni mi ò tíì rí ojútùú ikú rẹ̀. Inú a máa bí mi sí ara mi bí mo bá ti rántí, nítorí arúgbó tó jókòó tó ń ro ọ̀rọ̀ eku, ẹni tí àwọn ọmọdé ń fi ṣẹ̀fẹ̀ ni.

Ekurede-Urhobo ní Warri ni a ń gbé. Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni Warri wà láyé ìgbà yẹn, àwọn akọ̀wé àti tíṣà láti ilẹ̀ Yorùbá wa sì pọ̀ níbẹ̀. Bàbá mi jẹ́ akọ̀wé ní Kọ́sítọ́ọ̀mù, létí omi. Ọdún tí a máa gba òmìnira ni, àwọn òyìnbó sì ń di ẹrù. Ẹni tó ní àga ń wá ẹni tó máa ra àga, ẹni tó ní ajá ń wá ẹni tó máa gba ajá. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ìyàwó ọ̀gá bàbá mi pè wọ́n wá sílé rẹ̀, ó gbé àpótí onígi kan lé wọn lọ́wọ́, ó ní èmi ọmọ wọn obìnrin ni kí wọ́n gbé e fún. Bàbá mi rò pé bàtà ló wà níbẹ̀. Ìgbà tí bàtà súfèé lójú ọ̀nà ni wọ́n tó mọ̀ pé ohun ẹlẹ́mìí ni àwọn gbé dání.

Ginipígì ni òyìnbó ń pè é. Ó sanra, ó kúrú, irun rẹ̀ funfun lápá kan, ó pọ́n lápá kejì, kò sì ní ìrù rárá. Ìwé pélébé kan bá a wá, tí obìnrin náà kọ oúnjẹ rẹ̀ sí. Bàbá mi kà á sókè bí ẹni ń ka òfin ìjọba: kárọ́ọ̀tì, lẹ́tọ́ọ̀sì, omi tútù láràárọ̀. Ìyá mi ní, "Ẹran tó ń jẹ ohun tí àwa gan-an ò jẹ rí." Orúkọ rẹ̀ náà wà lórí ìwé, orúkọ ènìyàn gidi, irú èyí tí wọ́n ń fún ọmọ níbi ìrìbọmi. Ìyá mi ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi orúkọ onírìbọmi pe ẹran nínú ilé àwọn. Bó ṣe di eku òyìnbó nìyẹn.

Èmi nìkan ló wà fún. Ó yẹ kí ẹ mọ èyí kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Lẹ́yìn mi, oyún méjì ti bà jẹ́ lára ìyá mi, ẹ̀kẹta ló sì wà nínú wọn lọ́dún náà, ó ti tóbi, gbogbo ilé sì ń fi ẹ̀sọ̀ rìn nítorí rẹ̀. Wọ́n ní kí n má sáré nínú ilé. Wọ́n ní kí n má pariwo. Bí mo bá já ìkòkò bọ́, gbogbo wọn á wo ikùn ìyá mi kí wọ́n tó wo ìkòkò. Eku òyìnbó nìkan ni kò bìkítà fún ikùn ẹnikẹ́ni. Bí mo bá ti ilé ìwé dé tó gbọ́ ohùn mi, á súfèé, á fi ọwọ́ kékeré méjì di igi àpótí mú. Àwọn ọmọ àgbàlá wa máa ń bi mí lójoojúmọ́ pé, "Una never chop am?" Màá lé wọn.

Nígbà tí ìbímọ kù sí dẹ̀dẹ̀ ni ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, dé láti Ìjẹ̀bú. Wọ́n wá wẹ ọmọ ni. Nílé tiwa, ìyá obìnrin ló máa ń wá wẹ ọmọ tuntun, òun náà ló sì máa ń rọ ọ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má rí rírọ ọmọ rí. Ìyá á jókòó sórí àpótí ìjókòó, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ lé itan, á ká àtẹ́lẹwọ́ òsì bí ife sí ẹnu rẹ̀, á wá máa da ẹ̀kọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i díẹ̀díẹ̀. Ọmọ á ké, á gbé e mì, wọ́n á tún da òmíràn. Ọmọ tí ìyá àgbà ti rọ lágboolé wọn kò lóǹkà, wọ́n sì máa ń fi ọwọ́ náà yangàn. Wọ́n á gbé e sókè, wọ́n á ní, "Ọwọ́ yìí, kò tíì sí ọmọ tó kọ̀ ọ́."

Ìyá àgbà kò gbọ́ ju Ìjẹ̀bú lọ. Èmi gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ, àmọ́ èdè ojú pópó ló ń jáde lẹ́nu mi. Wọ́n á ní, "Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?" Màá ní, "I don chop, Mama." Wọ́n á yíjú sí ìyá mi, wọ́n á ní, "Kí ló wí?" Ìyá mi á túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, á sì gbá mi lórí. Bí a ṣe ń gbé nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí ẹran mi, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní, "Eku tí kò nírù! Ta ló gé e?" Ṣùgbọ́n kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n ti ń já ewé ọ̀dùnkún lẹ́yìnkùlé fún un. Láìpẹ́, bó bá ti gbọ́ ìró bàtà wọn, á súfèé ju bó ṣe ń súfèé fún mi lọ. Mo jowú. Mo sọ ọ́ tààrà, torí kò sí ohun tí mo fẹ́ fi pamọ́ mọ́ lọ́jọ́ orí yìí.

Oṣù kẹsàn-án ni mo rí kókó kan lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́ ó dà bí hóró àgbàdo, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ó ti tó ẹyin àdàbà, ó sì ń gbóná. Ìyá àgbà ní eéwo ni, kí àwọn fi ewé dè é títí yóò fi bẹ́. Bàbá mi kọ̀. Wọ́n ní a ti fẹ́ gba òmìnira, a ò lè máa fi ewé de eéwo nígbà tí dókítà ẹran wà. Wọ́n gbé àpótí náà lé iwájú kẹ̀kẹ́, wọ́n gbé èmi sí ẹ̀yìn, ó di ọ̀dọ̀ dókítà.

Dókítà náà, màlúù ló ń yẹ̀ wò níbi tí wọ́n ti ń pa ẹran, a sì máa wo ajá àwọn òyìnbó. Ó wo ẹran mi lọ, ó wò ó bọ̀. Ó yí i wò lẹ́yìn bóyá ó ń wá ìrù ni, mi ò mọ̀. Ó wá ní, "This one na boil. I go cut am tomorrow. But from today evening, make e no chop anything o. If e chop, the medicine wey go make am sleep go kill am." Èmi ló kọjú sí tó fi sọ ọ́, kì í ṣe bàbá mi. Mo jẹ́ mọ́nítọ̀ kíláàsì. Bí àgbà bá fún mi ní òfin, mo máa ń pa á mọ́ débi pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kórìíra mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo kó gbogbo ewé inú àpótí dànù, mo da omi nù, mo sì jókòó tì í. Ìyá àgbà mú ewé ọ̀dùnkún wá bí ìṣe wọn. Ẹran náà gbọ́ bàtà wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Mo dìde, mo na apá méjèèjì. "Mama, no give am. Dokita say if e chop e go die."

"Kí ló wí?"

Ìyá mi túmọ̀ rẹ̀. Ìyá àgbà wò mí, wọ́n wo ewé ọwọ́ wọn. "Ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ọ̀bẹ là lára, ẹ tún febi pa á mọ́ ọn? Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, oògùn oorun wo ló fẹ́ wọ inú òfìfo?"

Bàbá mi ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká ṣe é bí dókítà ṣe wí." Ìyá àgbà gbé ewé wọn padà sẹ́yìnkùlé. Ẹran náà súfèé títí tí ohùn rẹ̀ fi há. Ó dùn mí dé egungun, orí mi sì tún ń wú pé mo pa òfin mọ́. Bí nǹkan méjèèjì ṣe wọ ikùn ọmọ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, kò yé mi nígbà náà, kò sì yé mi di òní.

Wọ́n là á lọ́jọ́ kejì lórí tábìlì kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ dókítà. Ó rọ oògùn olóòórùn kan sórí òwú, ó fi sí i nímú, bàbá mi di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ mú. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo rí ọyún tó jáde, ó nípọn, ó pọ̀ ju ohun tó yẹ kó wà lára ẹran kékeré bẹ́ẹ̀. Dókítà fọ ojú ọgbẹ́, ó rán an, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Inú rẹ̀ dùn, mo sì rò pé ó ti parí nìyẹn. Ó ní, "E go weak small. No force am. Make e strong first before e chop."

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé relé, òun ló sì dà mí lórí rú. Ẹran náà jí, ó káwọ́ kásẹ̀ sí igun àpótí, gbogbo irun rẹ̀ dìde. Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé e, mo fi ewé sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. Kò wò ó. Mo wá rántí pé ó gbọ́dọ̀ lágbára kó tó jẹun, ni mo bá kó ewé náà kúrò. Nígbà tó ṣe, mo rò ó pé ibo ni agbára ti fẹ́ wá bí kò bá jẹun, mo tún fi ewé náà síbẹ̀. Mo tún kó o kúrò. Mo sáré lọ bá bàbá mi. Wọ́n lọ bi dókítà, wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì: ó ti rìnrìn àjò lọ yẹ àwọn màlúù tí wọ́n máa pa fún àjọyọ̀ òmìnira wò. Ọjọ́ méjì kọjá báyìí. Ìyá àgbà ń wo gbogbo rẹ̀ láti orí àpótí ìjókòó wọn.

Lọ́jọ́ kẹta, a pẹ́ nílé ìwé nítorí máàṣì tí a ń kọ́ fún ọjọ́ òmìnira. Mo wọlé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ìyá àgbà jókòó ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì. Eku òyìnbó mi wà lórí itan wọn, wọ́n fi etí aṣọ wé e bí ọmọ. Àtẹ́lẹwọ́ wọn wà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì ń da ẹ̀kọ sí i, ewé ọ̀dùnkún tí wọ́n gún wà nínú ẹ̀kọ náà, ó sọ ọ́ di àwọ̀ ewé. Wọ́n ń kọrin jẹ́jẹ́. Ẹran náà ń jà lọ́wọ́ wọn, àmọ́ mo rí ọ̀fun rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò. Ó ń gbé e mì.

Mo figbe ta. Mo já a gbà lórí itan wọn, ẹ̀kọ dà sí wa lára. Ó húkọ́ lọ́wọ́ mi, ó tún húkọ́, ẹ̀kọ jáde nímú rẹ̀. Mo gbé e mọ́ àyà. Ó mí tagbára-tagbára fún ìgbà díẹ̀, ìgbà tí oòrùn kọjá orí ògiri àgbàlá, kò mí mọ́.

Mo wo ìyá àgbà lójú. Mo ní, "Na you kill am. Mama, na you kill am!"

Ká ní Yorùbá ni mo fẹ́ sọ, ẹnu mi ì bá ti wá ọ̀nà tí yóò fi bọ̀wọ̀ fún àgbà, ibi tó bá sì ti ń wá a, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti kú sí mi lọ́fun. Èdè ojú pópó kò ní irú ìdádúró bẹ́ẹ̀. Ó jáde bó ṣe wà.

Ìyá àgbà yíjú sí ìyá mi tó ti di ẹnu ilẹ̀kùn mú pẹ̀lú ikùn wọn. "Kí ló wí?"

Ìyá mi wò mí. Wọn ò túmọ̀ rẹ̀, wọn ò sì gbá mi lórí. Wọ́n ní, "Ó ní ó ń dun òun ni, Màmá."

Ìyá àgbà mi orí. Wọ́n dìde, wọ́n fọ ọwọ́ wọn nínú abọ́ omi, wọ́n fọ̀ ọ́ pẹ́. Bàbá mi sin ẹran náà lẹ́bàá ògiri níbi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀, nítorí nínú oṣù kẹsàn-án, ẹ fi ọkọ́ bu ilẹ̀ Warri lẹ́ẹ̀mẹ́ta, omi ti dé. A yan níwájú àwọn ìjòyè lọ́jọ́ òmìnira, wọ́n fún wa ní ife kọ̀ọ̀kan àti àsíá kékeré. Gbogbo ènìyàn ń jó. Mo ń wo ẹnu wọn, mo sì ń bi ara mi bóyá èmi ni nǹkan ń ṣe.

Ọmọ ọmọ mi kan ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹran ní yunifásítì báyìí. Ó wá sílé fún ìsinmi, mo sì sọ ìtàn yìí fún un, mo sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ta ló ní kí ẹ febi pa á? Ajá ni wọ́n ń mú oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀, kó má bàa bì. Ginipígì kì í bì. Bí kò bá jẹun fún ọjọ́ kan péré, ìfun rẹ̀ á dáṣẹ́ sílẹ̀. Bí kò bá fẹ́ jẹ, ńṣe lèèyàn ń wé e láṣọ, á gbé e lé itan, á fi ṣíríǹjì ti oúnjẹ lílọ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́nu díẹ̀díẹ̀."

Mo ní, "Lórí itan?"

Ó ní, "Lórí itan."

Mo bi í bí kò bá sí ṣíríǹjì ńkọ́, bó bá jẹ́ àtẹ́lẹwọ́. Ó ronú sí i. Ó ní, "Ó lè pá a lórí. Ó sì lè gbà á là. Ó kù sọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é."

Ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìyẹn. Bóyá ọ̀bẹ ló pa á. Bóyá ebi ni, èmi mọ́nítọ̀ ni mo sì ṣọ́ ebi náà fún un. Bóyá ẹ̀kọ ni, nínú ẹ̀kọ pàápàá, mi ò mọ̀ bóyá ọwọ́ tó ń rọ ọ́ ni tàbí ọwọ́ tó já a gbà. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni pé nínú gbogbo wa, bàbá mi, dókítà àti èmi, ìyá àgbà nìkan ló wò ó tó rí i pé ebi ń pa á.

Wọ́n ti kú tipẹ́. Mi ò kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n rí. Mo fi ń tu ara mi nínú fún ọdún púpọ̀ pé wọn ò gbọ́ ohun tí mo sọ, pé ìyá mi ti bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ ni mo ń pa fún ara mi.

Lẹ́yìn òmìnira, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ìyá mi bí ọmọkùnrin, ó wà láàyè, ó ń ké. Ìyá àgbà wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi àdí pa á lára, wọ́n na ẹsẹ̀ wọn, wọ́n tẹ́ ẹ lé itan. Èmi ni wọ́n ní kí n gbé ẹ̀kọ wá. Inú ife òmìnira mi ni ìyá mi bù ú sí. Ìyá àgbà ká àtẹ́lẹwọ́ òsì, wọ́n gbé e sí ẹnu ọmọ, wọ́n na ọwọ́ kejì láti gba ife, wọ́n sì gbójú sókè, wọ́n rí i pé èmi ni mo gbé e dání.

Ọwọ́ wọn dúró. Wọ́n tú àtẹ́lẹwọ́ náà, wọ́n fi nu ara aṣọ wọn bí ẹni pé nǹkan wà níbẹ̀. Wọ́n pe ìyá mi, wọ́n ní, "Wá rọ ọmọ rẹ fúnra rẹ."

Ìyá mi ní, "Ẹ̀yin kọ́, Màmá? Ṣé kì í ṣe òun lẹ bá wá ni?"

Ìyá àgbà gbé ọmọ náà fún wọn. Wọn ò wò mí. Wọ́n sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ní èdè tí a rò pé wọn ò gbọ́, wọ́n ní, "I no wan kill am."

Ìyá mi yíjú sí mi. "Kí ni wọ́n wí?"

Mo ní mi ò gbọ́.